Ìwọ̀n Obìnrin Kan ní Ìfọ́n

Inú mi máa ń tètè bí, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ládùúgbò wa ní Ìlobù. Ìyá mi ní láti inú oyún ni mo ti ń bá èèyàn jà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mò ń sọ yìí, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà nínú yàrá, ẹ̀rù ń bà mí débi pé mo gbàgbé tíì tí mo pò sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí tó fi di omi tútù. Obìnrin kan ṣoṣo ní Ìfọ́n, tí n kò rí rí, tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, òun nìkan ló gbé Nàìjíríà borí Tógò nínú iṣẹ́ tí mo ṣe. Bí mo bá gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, Nàìjíríà á já bọ́, nọ́ọ̀sì ìyá mi á sì bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Iṣẹ́ ìṣirò ni mò ń ṣe. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní orílẹ̀-èdè mélòó kan, àwa àti Gánà àti Tógò wà níbẹ̀. Wọ́n ń bi àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún bóyá wọ́n ń rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lò déédéé. Àwọn tó ń náwó sí i ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé orílẹ̀-èdè kan péré làwọn máa gbé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì alálùpùpù lọ, ibi tí àwọn àgbà bá ti ń wá oògùn tì jù. Nọ́ọ̀sì á máa gun alùpùpù wọ àwọn ìlú kéékèèké, á wọn ìfúnpá àwọn àgbà nínú ilé wọn, á fún wọn lóògùn. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi Ìlobù dán an wò. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni nọ́ọ̀sì ń wá sílé wa. Kó tó máa wá, ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé ìyá mi ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, níwájú ilé níbi tó ti ń ta mílíìkì àti ṣúgà, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò sì padà bọ̀ sípò tán. Látìgbà tí nọ́ọ̀sì ti ń wá, kò ṣubú mọ́. Oṣù yẹn gan-an ni ìdánwò náà ń parí. Bí Nàìjíríà bá wọlé, nọ́ọ̀sì á dúró. Bí kò bá wọlé, ó parí nìyẹn.

Ṣé ẹ mọ ìpàdé ẹbí? Ilé kọ̀ọ̀kan á rán ẹnì kan wá. Bí ẹni tó ti ilé tí àgbà méjì wà bá la ẹnu, ẹ mọ̀ pé ẹni méjì ló ń sọ̀rọ̀. Bí ẹni tó ti ilé tí àgbà mẹ́wàá wà bá la ẹnu, ẹ ò jẹ́ kà á sí ẹnì kan. Bí iṣẹ́ wa náà ṣe rí nìyẹn. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, àgbà kan ṣoṣo la ń ṣẹ́ ìbò mú, òun la ó bi ní ìbéèrè. Tó bá yá, a ó fún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n. Bí àgbà bá ṣe pọ̀ tó nílé rẹ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀ ṣe máa wúwo tó, nítorí gbogbo wọn ló ń ṣojú fún. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń dá gbé á bo ti àwọn ilé ńlá mọ́lẹ̀. Bí a bá wá ń fi orílẹ̀-èdè kan wé èkejì, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kálukú ló ní bí wọ́n ṣe mú ilé tiwọn àti bí èèyàn wọn ṣe pọ̀ tó. Bí o bá da gbogbo wọn pọ̀ sínú igbá kan láìwọ̀n ọ́n, èrò Nàìjíríà á gbé Tógò mì, o ò sì ní mọ̀ pé o ti ṣe nǹkan.

Lọ́jọ́ Ajé ni mo parí ìwọ̀n yẹn fún gbogbo wọn. Nàìjíríà àti Tógò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àmọ́ Nàìjíríà fi díẹ̀ jù ú lọ. Mo pariwo. Ìyá mi sáré, bí ẹlẹ́sẹ̀ kan ààbọ̀ ṣe ń sáré, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

"Kí ló dé? Ejò ni?"

"Màmá, ó dà bíi pé nọ́ọ̀sì yín ò lọ mọ́ o."

"Alihamudulilahi!" Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣe àdúà fún mi títí ọwọ́ fi ń ro ó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kò sí ẹlẹ́jẹ̀ ríru kan ládùúgbò wa tí kò tíì gbọ́.

Ìgbà tó di Ìṣẹ́gun ni mo wá ṣe ohun tí mo máa ń ṣe kí n tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Mo to àwọn tí wọ́n bi ní ìbéèrè láti orí ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ wúwo jù. Obìnrin Ìfọ́n yìí ló jókòó sí òkè pátápátá, gbogbo àwọn yòókù ń wo gìgísẹ̀ rẹ̀ látìsàlẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àgbà tó lé lógún ló wà nínú ilé rẹ̀. Ilé kan ṣoṣo! Bẹ́ẹ̀, lẹ́nu iṣẹ́ wa, ohun tí à ń pè ní ilé ni àwọn tó ń jẹun látinú ìkòkò kan náà. Àgbà tó lé lógún, àtọmọ àtọmọọmọ wọn, ìkòkò kan? Ìkòkò wo nìyẹn, kànga ni? Inú bí mi sí ẹni tó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ìbínú lọ, ẹ̀rù rọ́pò rẹ̀, torí obìnrin náà ti sọ pé òun kì í rí oògùn rà, àgbà tó lé lógún sì ti tipa bẹ́ẹ̀ di aláìníoògùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi ìwọ̀n kékeré dán an wò, bí ẹni pé ìdáná rẹ̀ nìkan ló ń ṣojú fún. Tógò kọjá wa.

Mo pe ọ̀gá mi ní Àkíráà. Ó mọ̀ pé ìyá mi wà lára àwọn tí nọ́ọ̀sì ń tọ́jú, mo ti sọ fún un kí n tó gba iṣẹ́ náà.

"Ohun tí àwọn tó lọ sí pápá kọ nìyẹn," ló wí. "O lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí òfin tó ní o ò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀. O sì lè lọ wo ilé náà, àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n Jímọ̀ ni mo ń retí rẹ̀, n ò lè sún un síwájú."

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Kí lẹ rò?"

"Ìwọ lo máa fọwọ́ sí i."

Mo fẹ́ bú u. Mo ní ẹ ṣeun, sà.

Ìyá mi kò fẹ́ kí n lọ. "Ìfọ́n kẹ̀? Lásìkò yìí?" Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì, ẹni tó sì ti ń bá ará ìhín ṣe àna kò mọ ẹni tí yóò kí mọ́. Mo ní iṣẹ́ ni mo ń bá lọ. N kò sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́ fún un. Lọ́jọ́rú, lẹ́yìn ìrun alásàárì, mo gun ọ̀kadà. Ẹni tó gbé mi dúró kí a tó wọ ìlú, ó ní ibi tí òun dé nìyẹn, kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkùnrin ni àbí obìnrin. Ó yí orí ọ̀kadà padà. Mo fi ẹsẹ̀ rìn ín.

Agbo ilé ńlá ni ilé ọ̀hún, yàrá yí àgbàlá ká. Baálé jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọkùnrin mélòó kan yí i ká. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn kú ìrọ̀lẹ́, mo kí wọn kú ìjókòó, mo béèrè àlàáfíà ilé àti àlàáfíà ọmọ. Mo ní mo wá nítorí ìwádìí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́jọ́sí, mo fẹ́ mọ iye ìdáná tó wà nínú ilé.

"Ọmọ ibo ni ọ́?" Baálé ló bi mí.

Mo lè purọ́. "Ìlobù ni, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn mi dá wáí. Ọkùnrin kan tí kò jù mí lọ púpọ̀ dìde. "Ará Ìlobù ló wá ka ilé Ìfọ́n? Ta ló rán ọ? Kí lẹ fẹ́ fi iye wa ṣe?"

Mo ti ní èsì lẹ́nu, èsì tó gbóná, ṣùgbọ́n mo wo ojú ọ̀nà, mo rí i pé ó jìnnà sí mi. Mo gbé èsì náà mì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ oògùn àwọn àgbà ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀."

"A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ," Baálé ló sọ bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sókè. "Mo sọ ọ́ fún àwọn tó kọ́kọ́ wá, mo tún ń sọ ọ́ fún ìwọ náà. Ilé kan ni wá. Inú ìkòkò kan la ti ń jẹ. Bí o bá fẹ́ kí n sọ pé àwọn ọmọ bàbá mi ti pín, mo máa kú kí n tó sọ ọ́."

"Ṣé o ti gbọ́?" ni ọkùnrin yẹn wí. "Dìde, máa lọ."

Baálé gbé ọwọ́ sókè. "Ó kúnlẹ̀ kí mi. Oúnjẹ mi ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹun kó tó lọ."

Bí oúnjẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dé nìyẹn. Ìyàwó ilé kan jáde láti apá ọ̀tún àgbàlá, ó kúnlẹ̀, ó gbé abọ́ oníderí kan síwájú Baálé, ó ní kí Bàbá tọ́ ọ wò. Bàbá ṣí i, ó bu òkèlè kan, ó fi run ẹ̀gúsí, ó ní wàá jẹ èrè ọmọ, ó dé e padà. Ibi tó ti ń dé e, ìyàwó mìíràn ti ń bọ̀ láti apá òsì, ilá ni tirẹ̀. Ẹ̀kẹta gbé ẹ̀fọ́ wá. Òmíràn tún gbé gbẹ̀gìrì. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kúnlẹ̀, Bàbá ń bu òkèlè kọ̀ọ̀kan nínú gbogbo rẹ̀, kò fo ìkankan. Ó kéré tán, ó máa ń tọ́ ọ kan ètè. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe tán, abọ́ ti tò bẹẹrẹ síwájú rẹ̀, kò sí ibi tí ó máa na ẹsẹ̀ sí.

Ó wò mí. "Ṣé o rí i báyìí? Ṣé mo purọ́? Inú ìkòkò kan náà la ti ń jẹ."

Ibẹ̀ ni gbogbo ìbínú tí mo ń gbé kiri láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti yọ́ lára mi. Bàbá kò purọ́. Wọ́n bi í bóyá inú ìkòkò kan ni wọ́n ti ń jẹ, ó sì dáhùn bó ṣe rí lójú rẹ̀: kò sí ìkòkò nínú ilé yẹn tí òun kò jẹ níbẹ̀. Ẹni tó lọ sí pápá gbọ́ ọ, ó kọ ọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Àmọ́ ibi kan ṣoṣo tí gbogbo ìkòkò yẹn ti ń pàdé ni ikùn Bàbá.

"Bàbá, ẹ̀gúsí yìí dùn o. Ta ló sè é?"

"Ìyàwó àbúrò mi."

"Àwọn wo ló máa jẹ èyí tó kù nínú ìkòkò rẹ̀?"

"Òun àti ọkọ rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn. Àwọn wo ni ì bá tún jẹ ẹ́?"

Mo bi í nípa ilá, mo bi í nípa ẹ̀fọ́. Ibi tí mo ti fẹ́ bi í nípa gbẹ̀gìrì ló ti já mi. Ojú rẹ̀ le.

"O ti kà wá tán, àbí?"

"Abọ́ ni mo kà, Bàbá. N ò ka èèyàn."

Ó wò mí títí. Àwọn tó yí i ká ń wo ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mú ikọ́ dání. "Ọmọ Ìlobù, ẹ gbọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Kọ ohun tí o rí. Ṣùgbọ́n má kọ ọ́ pé ẹnu mi ló sọ pé a ti pín."

"N ò ní kọ ọ́, Bàbá."

Ìyá tó gbé ilá wá ló sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti dàgbà, ó tó ọjọ́ orí ìyá mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọmọ mi, èmi ni wọ́n bi nígbà yẹn. Èmi àti ìyáálé mi nìkan la jọ ń dáná látìgbà tí ọkọ wa ti kú. Ṣé oògùn náà ti dé ni?"

Mo wò ó. Òun nìyí, ẹni tó wà lókè pátápátá. Mo ní, "Kò tíì dé, Màmá. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa dé." Ó ní Ọlọ́run á ṣe é. Kò tíì jẹ́ kí ọwọ́ mi bọ́ nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn méjì. Ìwọ̀n méjì péré ni tirẹ̀. Gbogbo ọ̀nà tí mo rìn padà ni mo fi ń bá ara mi jà. Irọ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn, òun náà ò ní oògùn lóòótọ́. Bí mo bá sì fi ìwọ̀n yẹn sílẹ̀, ta ni mo pa? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ: ní Tógò, obìnrin kan wà tí òun náà jókòó níwájú ilé, tí wọ́n ti wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ, tí èmi sì fẹ́ gbé òkúta lé apá tiwa kí tirẹ̀ lè fò sókè.

Ọjọ́bọ̀, nọ́ọ̀sì wá. Ìyá mi fi àpò mílíìkì kan ta á lọ́rẹ, ó ní, "A ò ní í fi ọ́ sílẹ̀ mọ́, àwa àti ìwọ ni títí láé." Nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín. Mo sá wọ ilé ìdáná. Nígbà tí alùpùpù rẹ̀ ti lọ, mo jáde, mo kúnlẹ̀ síwájú ìyá mi, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ìwọ̀n dé orí abọ́.

"Ta lo ní ní Tógò?" ló bi mí.

"Màmá, àwọn àgbà bíi tiyín ni."

"Ṣé àwọn ló bí ọ?"

Mo di ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mú.

"Ọmọdé ni mo wà tí wọ́n lé wa kúrò ní Gánà," ló wí. "Nínú Tógò ni ìyá mi ti dùbúlẹ̀ àìsàn nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹnikẹ́ni ò bi wá pé ṣé a rí oògùn. Ẹnikẹ́ni ò kà wá mọ́ nǹkan kan." Ó nu ojú. "Ṣé kò sí bí o ṣe lè ṣe é ni?"

"Ó wà. Bí mo bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi mọ̀, Màmá."

Ó pòṣé. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Oúnjẹ alẹ́ tí mo gbé fún un, bí mo ṣe gbé e lọ ni mo ṣe gbé e bọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó pe ìrun, mo tún ìwọ̀n obìnrin Ìfọ́n yẹn ṣe. Lẹ́yìn náà, mo yẹ gbogbo ilé ńlá wò ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, kí n má baà jẹ́ pé tiwa nìkan ni mo gé. Kò yí nǹkan kan padà, Tógò ṣì wà níwájú wa. Mo fi í ránṣẹ́. Ọ̀gá mi fèsì kan péré, ó ní òun ti rí i. Nígbà tó yá, wọ́n kéde Tógò. Nọ́ọ̀sì wá dágbére fún wa, òun pẹ̀lú ìyá mi jọ sunkún. Èmi ò sunkún, mo ń bínú sí gbogbo ayé, mo ń bínú sí Tógò.

Mo lọ ra ẹ̀rọ ìfúnpá kékeré kan ní Òṣogbo. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ìyá mi ṣì fi ń bá mi sọ̀rọ̀: jẹun, gbálẹ̀, ó tó. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ tí nọ́ọ̀sì kò wá pé, mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú ilé, ó na apá fún mi láìwo ojú mi. Mo wé e, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà fún apá rẹ̀, ó tú u sílẹ̀, nọ́ńbà jáde. Ó ga. Ó ga ju iye tí wọ́n bá lára rẹ̀ nílé ìwòsàn lọ́jọ́ tó ṣubú lọ.

Mo yí ojú ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ ara mi. Mo ń wá èyí tí mo máa sọ, nǹkan kékeré kan tí kò ní dẹ́rù bà á. Ẹnu mi ti ń là.

Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn, ó wò mí lójú.

"O sọ òótọ́ fún Tógò," ló wí. "Èmi náà, sọ ọ́ fún mi."

Mo sọ ọ́ fún un. Ó mí kanlẹ̀, ó ní kí n bá òun mú gèlè òun àti kọ́kọ́rọ́ ilé. A ti ìsọ̀, a sì jáde lọ wọ ọkọ̀ Òṣogbo, ó di ilé ìwòsàn.